Ọ̀rọ̀ Tí Kò Lójú

Páálí bàtà mẹ́tàdínlógún ló wà lábẹ́ ibùsùn mi,
kò sí bàtà nínú ìkankan.
Lurlene, ọmọ mi, ní kí n kó wọn dànù,
ó ní èkúté ni mò ń kọ́ ilé fún.
Mo ní kó jókòó. Kó nu ọwọ́ kó tó fọwọ́ kàn án.

Ṣé o rí èyí? Hobart Slone nìyẹn, òun àti báńjò rẹ̀.
Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò hàn, ó dà bí èéfín:
ó ń ta á lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ní kó dúró jẹ́ẹ́,
kámẹ́rà ò sì lè lé e bá.
Aago márùn-ún ìdájí ni tirẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀,
kí àwọn awakùsà tó wọ kòtò èédú,
kí ìyá mi tó da kọfí sínú ife bàbá mi.
Ilé-iṣẹ́ oníyẹ̀fun ló ń sanwó fún un.
Gé orí àpò ìyẹ̀fun, fi sẹ́ńtì mẹ́wàá tì í,
wọn á fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ.
A jẹ ìyẹ̀fun lọ́dún yẹn títí ó fi sú wa,
kí á ṣáà lè rí ojú ọkùnrin kan.

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà.
Láyé asọ̀rọ̀mágbèsì, ọ̀rọ̀ ò lójú:
ohùn kàn ń jáde láti inú àpótí igi lórí pẹpẹ,
oníkálùkù sì ń ya ojú tó wù ú fún un.
Ìyá mi ti ya Hobart ní gíga, ó fi irun dúdú sí i lórí.
Nígbà tí lẹ́tà dé, ọkùnrin kúkúrú ni, apárí.
Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́,
ó ní, "Ó dáa náà. Irun kọ́ ló ń kọrin."

Lónìí ó ti yí padà:
ojú wọn ń bẹ lọ́wọ́ mi, ohùn ti bá afẹ́fẹ́ lọ.
Ẹnikẹ́ni ò gbà á sílẹ̀; ta ló mọ̀ pé yóò tán?
Ẹnu Birdie Caudill là sílẹ̀ nínú fọ́tò yìí
láti ìgbà tí ogun ò tíì bẹ́,
n kò mọ ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn òmíràn, ẹnìkan fi pẹ́ńsù kọ:
ẹyin méjìlá, kẹrosíìnì, òwú dúdú,
gbèsè Stacy ku ogójì sẹ́ńtì.
Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Má bèèrè ìdí.

Ṣùgbọ́n èyí, Lurlene, ni kò jẹ́ kí n sùn.
Àwọn Ọmọ Àfonífojì. Márùn-ún ni wọ́n, mẹ́rin ló kù.
Ẹnìkan ti fi àlùmọ́gàjí gé ìkarùn-ún jáde,
ó gé e láti etí fìlà dé bàtà,
ọwọ́ kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù lórí èjìká ẹnìkejì,
ọwọ́ tí kò ní ẹni tó ni ín.
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wá a.
Mo lọ sí gbàǹjo ẹrù olóògbé ní Hazard, ní Whitesburg,
mo kọ lẹ́tà sí àwọn opó.
Mo ti gbà lọ́kàn mi pé olè ni,
tàbí ó gba ìyàwó oníyàwó, tàbí ó pa ènìyàn.
Nítorí kí ni wọ́n ṣe ń gé èèyàn kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀?

Ó dé lóṣù tó kọjá, odindi, láti Ohio.
Mo ti ilẹ̀kùn kí n tó wò ó.
Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó gbá gìtá ńlá mọ́ra,
okùn bàtà rẹ̀ kan tú.
Kò jọ olè. Kò jọ ẹnikẹ́ni.
Mo fi han Cletis Engle, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún;
ó mọ orúkọ àwọn mẹ́rin, ó mọ orúkọ ajá wọn.
Nígbà tó kan ìkarùn-ún, ó dákẹ́,
ó ní kí n bá òun ti fèrèsé.

Tìrẹ ni gbogbo rẹ̀ bí mo bá lọ.
Dà wọ́n nù bó bá wù ọ́, n ò ní rí i.
Èyí nìkan ni kí o tọ́jú.
Wò ó, mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀, torí orúkọ ò sí:
Ẹni karùn-ún. Òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.